Ohùn Ọ̀gá Nídìí Landrover

Ketu, Èkó, 1974

Màmá mi,

Ara mi le.

À ń pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì Landrover àtijọ́ kan. A fi ṣéènì gbé ẹ́ńjìnnì náà kọ́ sára igi. Sùrájù ọmọ Ìyá Modinat ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá wa ń kírun lẹ́yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù. Ẹnìkan bá fi ohùn Ọ̀gá pariwo pé, "Ẹ̀yin ọ̀lẹ, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jàre!" Àwọn tó di ṣéènì mú sì sọ̀ ọ́ lé ọwọ́ Sùrájù; kò lè fi kọ̀wé mọ́.

Ọ̀gá ṣì ń wá ẹni náà. Èmi ò sín ẹnikẹ́ni jẹ mọ́ o, Màmá.

Ẹ bá mi kí Ìyá Modinat. Bí lẹ́tà Sùrájù bá dé, tí ìkọ̀wé rẹ̀ jọ tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀.

Ṣùkúrù yín