Ẹni Tí Gbogbo Wa Gbà Pé Yóò Wá

Ilé Anangonó,
Ẹ̀bá Odò Chota,
Imbabura, Ecuador.
9 Oṣù Kẹsàn-án, 2018.

Yadira, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ní tiwa, a dúpẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń bá wa fínra, ìyẹn kì í sì í ṣe ìròyìn.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ìyá àgbà kì í yé sọ "de ley" fún ọ lórí fóònù, o ò sì mọ ohun tó jẹ́. Madrid ni wọ́n kúkú bí ọ sí. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn, ni ìbá túmọ̀ rẹ̀ fún ọ. "Òfin" ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kò kan adájọ́. Ohun tí kò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀ la fi ń pè. Bọ́ọ̀sì Ibarra yóò pẹ́, de ley. Bí mo bá se ìrẹsì àti ẹ̀wà, ọkọ mi yóò béèrè píà, de ley.

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ba oko Bàbá Eliécer, àbúrò ìyá àgbà, jẹ́ lóṣù méjì sẹ́yìn. Gbogbo ìlú la jọ ń gbá kòtò tó ń gbé omi wá sóko wa. Minga la ń pe iṣẹ́ náà. Ilé tí kò bá yọjú, kò ní rí omi gbà nígbà tó bá kàn án. Bàbá Eliécer gan-an ló dá òfin náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe olórí, wọn kò sì pa minga jẹ rí.

A wá sún iṣẹ́ láti Sátidé wá sí Ọjọ́bọ̀ nítorí ìsìnkú kan. A ránṣẹ́ sáwọn ọ̀lẹ. A kan ilẹ̀kùn àwọn ọ̀mùtí. Kò sẹ́ni tó yà sí ti Bàbá Eliécer.

"Ta ló ń pe Eliécer? Ó máa ti ṣáájú wa débẹ̀, de ley!"

Ní Sátidé, Bàbá Eliécer nìkan ló gbé ṣọ́bìrì débẹ̀. Kòtò ti mọ́ féfé. Ojú tì wá bí ẹni jalè. A ní ká fojú fò ó, wọ́n kọ̀.

"Ṣé torí pé èmi ni? Ẹ ò fojú fo ti opó Salomón lọ́dún tó kọjá. Kì í ṣe omi ló dùn mí. Láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú ni mo ti ń wá, ìyẹn lẹ ṣe gbàgbé pé mo ní ilẹ̀kùn."

Ẹ̀wà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ òdòdó ni. Bí kò bá rómi, ó parí, kò sì sí oko mìíràn tí wọ́n ń jẹ.

Màmá Hermelinda ló bá wọn pààlà. Ìjà ààlà ò jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa kíra. A ní ìyà náà yóò dùn mọ́ màmá yìí nínú, de ley. Inú ọmọ èèyàn mà jìn o! Nígbà tí omi kàn wọ́n, wọ́n bomi rin ìdajì oko tiwọn, wọ́n fi ọkọ́ la ààlà, omi bá wọ́ lọ sídìí ẹ̀wà Bàbá Eliécer. A sáré débẹ̀.

"Omi mi nìyí. Ṣé òfin yín sọ ibi tí n ó dà á sí ni? Bí ebi bá pa á kú, ta ni n ó máa bá jà?"

Ẹ̀wà ti so báyìí. Wọn ò tíì kíra o.

Nígbà tí minga mìíràn pé, mo lọ kan ilẹ̀kùn Bàbá Eliécer. "Ta nìyẹn?" Wọ́n fa ohùn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Wọ́n ṣílẹ̀kùn: fìlà ti wà lórí, bàtà ti wà lẹ́sẹ̀, ṣọ́bìrì ti wà léjìká. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Bá mi kí ìyá rẹ dáadáa. Ọkọ mi àtàwọn ọmọ ń kí ọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ìyá àgbà yóò pé ọgọ́rin ọdún ní Oṣù Kejìlá. Wọ́n ti sọ fún gbogbo ayé pé o ń bọ̀, de ley. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti pè ọ́. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Nítorí náà, Yadira: àgò onílé o. Jọ̀wọ́, wá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà,
Mireya.