Ẹ Yọ Òkúta Ìyá Mi Kúrò Nínú Ètò Ìgbafẹ́ Àwọn Àlejò

Ilé Quashie,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì, Harvey Vale,
Carriacou.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kìn-ín-ní, 2017.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Elétò Ìgbafẹ́ Àlejò,
Hillsborough,
Carriacou.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ LÓRÍ ÌNÁWÓ ÒKÚTA OLÓÒGBÉ CLEMENTIA QUASHIE

1. Èmi ni Verlyn Quashie, tí mo ń fi bọ́ọ̀sì gbé àlejò kiri erékùṣù yìí pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí ẹ̀yin fún mi. Àlejò ló ń bọ́ mi. N kò kórìíra wọn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

2. Ọdún kẹrin nìyí tí ìyá mi, Clementia, ti kú. Òkúta orí sàréè rẹ̀ wà ní yàrá mi, lábẹ́ aṣọ funfun. Ẹ mọ̀ bí mo ti mọ̀ pé òkú tí a kò tíì gbé òkúta rẹ̀ dúró kò tíì délé. Ó ṣì ń rìn. Ó ti wá bá ẹ̀gbọ́n mi Hillary lójú àlá, ó ní ó ti rẹ òun, ẹsẹ̀ ń dun òun, Àbámẹ́ta ọjọ́ kọkànlélógún oṣù yìí ni kí a gbé òkúta òun dúró, kí a sì ṣe ìnáwó rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Huddersfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò dé ní ọjọ́ Ẹtì.

3. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo rí ètò ìgbafẹ́ tuntun tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri èbúté. Láàárín ìlúwẹ̀ẹ́ ní Sandy Island àti ìrajà ni mo ti rí orúkọ ìyá mi. Háà! Ẹ ti sún ìnáwó náà sí Ọjọ́rú, nítorí Ọjọ́rú ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀. Ẹ sún gbígbé òkúta sí ọ̀sán, nítorí òwúrọ̀ ni wọ́n fẹ́ lúwẹ̀ẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé ẹ kọ ọ́ pé àlejò yóò tọ́ àwo àwọn òbí wò. Àwo oúnjẹ tí a ń gbé kalẹ̀ fún àwọn òkú ìdílé, tí àwa ọmọ bíbí inú pàápàá kì í fọwọ́ kàn títí àwọn òkú yóò fi jẹun tán!

4. Mo lọ bá akọ̀wé yín, Ọ̀gbẹ́ni Alston Bedeau. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí Verlyn, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Òkú wo ló ń wo kàlẹ́ńdà?" Mo ní, "Alston, òkú tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbà ọ́ jáde nínú ìyá rẹ ni." Lẹ́yìn náà ló sọ pé bí mo bá da ètò rú, ìgbìmọ̀ kò ní sọ ìwé àṣẹ mi dọ̀tun lóṣù tó ń bọ̀.

5. Láti ọjọ́ náà, ilé kò gbà mí, ọ̀nà kò gbà mí. Mo jókòó, mo dìde, mo tún jókòó. Mo wa bọ́ọ̀sì kọjá ibi tí àlejò ti ní kí n dúró. Mo ń bu ọtí rọ́ọ̀mù wọ́n òkúta náà, mo ń bẹ ìyá mi pé kó ní sùúrù.

6. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, aládùúgbò mi pe tọkọtaya àlejò kan, tí mo ń fi bọ́ọ̀sì gbé kiri, wá síbi ìnáwó òkúta bàbá rẹ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n bá wa sunkún, wọ́n sì kọ̀wé sí yín láti yin ìnáwó náà. Ẹni tí a pè ni wọ́n. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wá síbi òkú, òǹwòran lásán ni.

7. Nítorí náà, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín, ẹ yọ orúkọ ìyá mi kúrò lára ògiri yẹn kí ọkọ̀ tó dé. Àlejò tó bá fẹ́ wá bá wa kẹ́dùn, kó wá ní Àbámẹ́ta láìsan kọ́bọ̀. Sàráà ni, oúnjẹ yóò kárí.

8. Bí ẹ gbà, bí ẹ kọ̀, òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ni òkúta náà yóò dúró. Kí ẹ má baà máa wá mi kiri, ìwé àṣẹ mi nìyí nínú àpòòwé kan náà. Iṣẹ́ ṣeé tún wá. Ìyá kan ṣoṣo ni mo ní, ó sì ti rìn tó.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Èmi ni tiyín,
Verlyn Quashie,
Awakọ̀ àlejò, ọmọ Clementia.