Búrẹ́dì Àwọn Èèyàn Kéékèèké

Àbúrò mi,

Mo kí ẹ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Oògùn Màmá tí o fi ránṣẹ́ dé. Orúnkún wọn ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n iyè wọn ń ra.

Ṣé o rántí eré àwọn èèyàn kéékèèké tá a máa ń wò lọ́mọdé, tí o máa ń rún búrẹ́dì sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n kí ebi má baà pa wọ́n, tí Màmá á máa bú ẹ?

Lánàá, lẹ́yìn tá a rí ẹ lójú fóònù, mo bá Màmá tí wọ́n ń rún búrẹ́dì sídìí fóònù náà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ti kéré jù. Kò jẹun kánú."

Jọ̀ọ́, wá sílé. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ dé. Tí o bá wọlé, má tètè jókòó. Jẹ́ kí Màmá gbójú sókè wò ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ẹ obìnrin