Àyè Kan Nínú Ìlà Wa

Ilé Olókè,
Àgọ́-Àmọ̀dù.
Ọjọ́ Àìkú.

Olúwafọlákẹ́mi, ìyàwó mi àtàtà,

Mo kí ọ kú làálàá ìbò. Ṣé ara le? Ṣé o ń rí iyán gidi jẹ ní Àbújá, àbí ìwé ni wọ́n fi ń bọ́ ẹni tó bá fẹ́ di ààrẹ? Ara tèmi le, àyàfi orúnkún, òun náà ti gbàgbé ìrora láti àná.

A ti wọlé! Èmi ọkọ rẹ ni n ó ṣojú wọ́ọ̀dù wa lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ yan ẹni tí yóò dupò ààrẹ. Ìwọ ni n ó dìbò fún. Ká ní Ládòkun ló wọlé ni, alátakò rẹ ni ì bá gbé ìbò wa fún.

Ó kù díẹ̀ kó bọ́ lọ́wọ́ wa o. Wọ́n ní kí kálukú tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Mo kó àwọn ìyàwó ilé wa jáde. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ewúrẹ́ tí í rọ́ wúruwùru, bí oníkálukú ṣe wọlé ọkọ ni àwọn ó ṣe tò. Nígbà tó dé ẹ̀yìn Misturat, wọ́n fi àyè sílẹ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ bi wọ́n pé ta ló ni ibẹ̀. Misturat ní, "Olúwafọlákẹ́mi ni. Ó wà l'Ábújá."

Akọ̀wé ní ibi tí ìlà bá ti já ni òun ó kà á mọ. Mọ́kàndínlógún ló wà lẹ́yìn àyè yẹn! Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún síwájú. Àmọ̀kẹ́, tó tò lẹ́yìn àyè náà gan-an, ní, "Ọkọ wa, kí n wá gba ipò ìyálé mi torí ìbò? Èèwọ̀!" Ládòkun ti ń jó.

Ìyá ọkọ rẹ, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Ládòkun, jókòó sórí àpótí nínú ìlà àbúrò rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé kò tíì dárí jì ọ́ láti ọjọ́ tí o ti jẹ́ kí ọbẹ̀ ilá rẹ̀ jóná. Àfi bó ṣe dìde, tó gbé àpótí rẹ̀, tó gba àárín pápá kọjá, tó sì jókòó sí àyè rẹ. Ó ní, "Ìyàwó mi ló ni ibí. Kò mọ ọbẹ̀ sè, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní fò ó dá níṣojú mi." Ta ló fẹ́ bá ìyá ọkọ du àyè?

Wọ́n kà wá: mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ládòkun ní méjìlélọ́gọ́ta. Àpótí kan ló là wá! Mo ní kí Ládòkun wá bá mi gbé àpò dé gáréèjì bí mo bá ń bọ̀ l'Ábújá, ó yára gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Ọlọ́run tó fi ọ̀kan ṣoṣo gbè wá yóò fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún gbè ọ́. Ìtìjú kò ní bá ọ dé Àgọ́-Àmọ̀dù. Àmín.

Èmi ni ọkọ rẹ àgbà, àbúrò bàbá Ṣùkúrù ọkọ rẹ kékeré,
Ràsáàkì.

Mo tún rántí: Misturat ní kí n sọ fún ọ, bí o bá di ààrẹ tí o sì wálé, ẹ̀yìn òun ni ipò rẹ ṣì wà. Ó fi oṣù mẹ́ta ṣáájú rẹ wọlé ọkọ.