Bẹ́líìtì Bàbá Rájì Lórí Òrùlé Ọ̀kà

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara Màámi le. Ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n ṣì ń bá jà láràárọ̀, wọ́n á fẹ́ ẹ títí yóò fi tutù tán, wọ́n á wá ní kò gbóná mọ́.

Inú mi dùn lónìí ni mo ṣe jókòó kọ̀wé sí yín. A parí òrùlé gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀kà lọ́sàn-án yìí. Ẹ̀yin tí ẹ kan páànù káàkiri Ìkàrẹ́ títí dé Ìṣùà, ẹ mọ irú rẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó kàn rọra dà díẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà lọ ni. Pápá bọ́ọ̀lù lẹ máa ń pè é.

Irú rẹ̀ ló gbà yín lọ́wọ́ wa. Òrùlé tó dà gẹ̀rẹ̀ máa ń bà yín lẹ́rù, ẹ sì máa ń rọra ṣe lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá tẹ́, ẹ máa ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni wà ní pálọ̀. Lọ́jọ́ náà, ẹ ń fi ẹ̀yìn rìn, ẹ ń fa okùn tí ẹ fi ń ṣe ìlà páànù, títí òrùlé fi tán lẹ́sẹ̀ yín. Bàbá mi, ṣé ẹ tilẹ̀ mọ̀ pé ẹ ti dé etí rẹ̀? Mo ti bi yín ní ìbéèrè yìí títí ó fi sú mi, síbẹ̀ mo tún ń bi yín.

Èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó àwọn tó ń gun òkè níbi iṣẹ́ yìí. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin tí ẹ kì í jẹ́ kó fọwọ́ kan àkàbà. Mo ta okùn pupa yí òrùlé ká, mo jẹ́ kó jìnnà sí etí dáadáa. Ẹni tó bá wà láàárín lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ẹni tó bá máa kọjá okùn náà gbọ́dọ̀ wọ bẹ́líìtì tó gba èjìká àti itan, kí ó sì fi ìkọ́ rẹ̀ há irin tí a dè mọ́ òrùlé. Ihò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìmọ́lẹ̀, mo ní kí wọ́n kan pákó bò ó. Àṣẹ ẹnjiníà ni pé kí n dá ẹni tó bá kọ bẹ́líìtì padà sílé.

Ẹni àkọ́kọ́ tó kọ̀ ni Bàbá Rájì, ọ̀rẹ́ yín, tó gbé orí yín lé itan nínú mọ́tò títí ẹ fi dé ọsibítù. Báwo ni mo ṣe fẹ́ lé e? Iléyá ti sún mọ́lé, àgbò wà lórí ìso káàkiri ìlú. Ó wo bẹ́líìtì, ó wo okùn tí ìkọ́ rẹ̀ so mọ́, ó wá wò mí.

“Ṣé mo jọ àgbò lójú rẹ ni?”

Gbogbo káfíńtà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sọ tiwọn náà sílẹ̀. Ká ní ẹ wà níbẹ̀ ni, ẹ̀rín yín ni ì bá ròkè jù. Inú bí mi sí yín díẹ̀, ẹ má bínú. Iṣẹ́ ilẹ̀ ni mo kó gbogbo wọn sí lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Ọlọ́run là mí lójú. Bàbá Rájì ti ṣe àlùwàlá tán, ó ń wọ agbádá lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn. Mo sún mọ́ ọn, mo bá a ká apá agbádá sí èjìká bí ọmọ ṣe ń ṣe fún bàbá. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dúró jẹ́ẹ́. Àgbà wo ló máa kọ̀ pé kí ọmọ má wọṣọ fún òun?

Ní àárọ̀ Sátidé, n ò dárúkọ òfin mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo la ẹsẹ̀ bẹ́líìtì sílẹ̀ fún un bí ẹni la ẹsẹ̀ ṣòkòtò, mo ń dúró. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ lé mi léjìká, ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń wọ bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ wa. Àbúrò á wọ̀ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n náà á fa ti àbúrò wò bóyá ó le, wọ́n á sì ṣàdúrà fún ara wọn. Ẹnjiníà rò pé inú ìwé ni mo ti rí i.

Lánàá, Bàbá Rájì ń fi ẹ̀yìn rìn, ó ń fa okùn ìlà bí ẹ ṣe máa ń fà á. Okùn pupa kàn án nídìí, ó dúró. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ìsàlẹ̀ títí.

“Ká ní irú èyí wà nígbà yẹn…” Ó yíjú padà, ó ń fa okùn ìlà rẹ̀ lọ.

Bàbá mi, ká ní ẹ wà, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n wọ bẹ́líìtì fún yín? Mo rò pé ẹ máa kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, lẹ́yìn náà ẹ máa na ẹsẹ̀. Èyí ni mo gbà gbọ́, ó sì ń tù mí nínú.

Bí a ṣe kan páànù ìkẹyìn lónìí, ìyàwó Bàbá Rájì gbé iyán dé. Ọkọ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà lọ́wọ́. Ìyàwó bá a jà díẹ̀ pé ó pẹ́ lókè, ó bu omi fún un láti fọwọ́. Wọ́n pè mí, mo bá wọn jẹ, mo jẹ yó. Lọ́jọ́ tiyín, Màámi náà gbé oúnjẹ wá, wọ́n sì gbé e padà sílé bẹ́ẹ̀. Lónìí, abọ́ òfìfo ni ìyàwó Bàbá Rájì gbé lọ.

Ẹ máa sinmi, Bàbá mi. Ìfẹ́ yín kò dín lọ́kàn mi.

Èmi ni,
Ọmọbìnrin yín.