Tábìlì Tó Fì Sápá Kan

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀bù ni lẹ́tà yìí máa bá yín, ẹ ó sì kọ́kọ́ gbọn lẹ́búlẹ́bú igi kúrò lọ́wọ́ kí ẹ tó ṣí i. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́? Màmá ńkọ́? Ara èmi le. Mo ń jẹun, mo sì ń sùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oorun náà kì í pọ̀.

Ẹ forí jì mí, Bàbá. Nínú lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn, mo ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Irọ́ ni mo pa. Ọgọ́fà la wà ní kíláàsì, àwa méjì péré la wá láti irú àdúgbò tiwa, èkejì mi sì ti padà sílé lóṣù tó kọjá. Níbí, máàkì wà fún ọ̀rọ̀ sísọ. Olùkọ́ á máa sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á já lù ú, á ní kò rí bẹ́ẹ̀, olùkọ́ á sì rẹ́rìn-ín, á fún un ní máàkì. Bí mo bá dán irú ẹ̀ wò nílé, ẹ mọ ohun tí ojú mi ì bá rí. Èmi ń dúró kí wọ́n pè mí. Wọn ò pè mí. Òdo ni mo gbà, olùkọ́ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "N kò mọ ohùn rẹ." Bí n kò bá sọ̀rọ̀ kí sáà yìí tó parí, màá tún ẹ̀kọ́ olùkọ́ náà kọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo ti lọ gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń kúrò nílé ẹ̀kọ́. Mo ti kọ orúkọ mi sí i, ó ku kí n buwọ́ lù ú.

Ẹnì kan ṣoṣo tó ń pè mí ní ọmọ níbí ni obìnrin tó ń tọ́jú láàbù. Irú àdúgbò tiwa ni wọ́n ti wá. Ìyá Gíláàsì là ń pè wọ́n, torí àwọn ló ń fọ gbogbo ife tí a fi ń ṣiṣẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti lò níbẹ̀. Kò sí irinṣẹ́ tí wọn ò mọ àìsàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn olùkọ́ ń bi wọ́n kò ju pé, "Ibo lẹ kó ìnulẹ̀ sí?" Mo máa ń bá wọn to gíláàsì, mo sì máa ń rí wọn tí wọ́n ń kọ ohun tó bàjẹ́ sínú ìwé kan tí wọ́n fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé n kò lè sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, wọ́n ní, "Èmi náà gbọ́n, mo dákẹ́. Ọgbọ́n ọ̀hún ló ń bá mi fọ gíláàsì."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, a wọn ìyẹ̀fun kan lórí òṣùwọ̀n tó wà lórí tábìlì láàbù. Nọ́ńbà tí gbogbo wa rí yàtọ̀ sí tinú ìwé. Olùkọ́ gbaná jẹ, ó ní a ò tiẹ̀ lè ka nọ́ńbà. Èmi ń wo omi inú ife tó wà níwájú mi lórí tábìlì kan náà. Ó dé ìlà lápá kan, kò dé e lápá kejì. Bàbá, ṣebí ẹ máa ń gbé abọ́ omi sórí tábìlì tuntun láti mọ̀ bóyá ó dọ́gba, kí ẹ tó gbé e fún oníbàárà. Mo wo Ìyá Gíláàsì. Wọ́n mirí sí mi pé kí n dákẹ́.

N kò mọ ohun tó gún mi ní kẹ́ṣẹ́. Mo dìde, mo tẹjú mọ́lẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwa kọ́ o, tábìlì ni. Ó fì sápá kan." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó rí i pé òótọ́ ni, ló bá ní, "Ta ló ń tọ́jú tábìlì yìí?" Gbogbo ojú bá lọ sára Ìyá Gíláàsì. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo sọ nílé ẹ̀kọ́ yìí, ẹni tèmi ni mo fi kó sí ìjàngbọ̀n.

Ó wá di dandan kí n tún sọ̀rọ̀. Mo ní, "Wọ́n ti kọ ọ́ síwèé, sà. Ìwé náà ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn." Lọ́tẹ̀ yìí, mo wo ojú rẹ̀. Ó já ìwé náà wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Ìyá Gíláàsì ti kọ ọ́ pé ẹsẹ̀ kẹta tábìlì náà ti wọ́. Kò sẹ́ni tó kọ èsì sábẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ kà á lórí ìdúró títí tó fi parí. Ó rọra ní, "Ẹ má bínú, mà. Kí ló tún wà tó yẹ kí n mọ̀?" Ìyá Gíláàsì ní, "Ẹ jókòó, sà. Ó pọ̀."

Nígbà tí kíláàsì túká, mo rò pé Ìyá Gíláàsì máa yìn mí. Rárá o. Wọ́n ní, "Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Bí wọ́n bá lé mi ńkọ́?" Mo bú sẹ́kún, mo sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní, "O là mí lẹ́nu tán, o wá fẹ́ sá lọ? Ìwọ ọmọ yìí, o ò lójútì!"

N kò lọ mọ́, Bàbá. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Lánàá mo nawọ́ sókè, mo sì gbàgbé ohun tí mo fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n orúkọ mi gan-an ni olùkọ́ fi pè mí.

Ọlọ́run á dá yín sí. Ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, ẹ ó sì fi ojú yín rí èrè wa.

Èmi ni ọmọ yín tó ń gbìyànjú.

Mo tún rántí: bí ẹ bá ń ka lẹ́tà yìí fún Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fo ibi tí mo ti fẹ́ padà sílé. Ẹ kàn ní mo ti sọ̀rọ̀ ní kíláàsì.