Alhaja Kò Lọ Síwájú Mọ́

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta
Alhaja dójú tì wá lónìí. Alhaja ni mo sọ ọkọ̀ Dádì — ọtọmátíìkì, ó dàgbà jù mí lọ, ó ń fẹ́ àpọ́nlé ju ọba lọ. À ń kó iṣu bọ̀ láti Òjókù, ó kàn ṣíwọ́. Ẹ́ńjìnnì ń bú bíi kìnnìún, taya kò yí. Dádì ń tẹná, gbogbo màlúù Kwara sá wọgbó. Nígbà tó yá, ó tún rìn. Dádì ní àdúrà ni. Èmi tí mo tì í títí ìdí mi fi fẹ́ẹ̀ já ńkọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Àkànbí mẹkáníìkì wọ abẹ́ Alhaja. Ọ́ìlì gíà ń jò, ó ti fẹ́ẹ̀ gbẹ. Ó ní ọ́ìlì yẹn ló ń jẹ́ kí gíà mú. Tí kò bá tó, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo lásán, agbára kò ní dé taya. "Ẹ jẹ́ kí n sọ gíà kalẹ̀ tún ṣe, sà." Dádì ní ó di ẹ̀yìn ìgbà tí Ọmọ́ládé bá bímọ. Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn — Tánkì ni mo ń pè é, nínú ìwé yìí nìkan. Ọkọ rẹ̀ wà ní Kaduna. Ikùn rẹ̀ máa ń wọlé kí òun tó wọlé. Alhaja ló máa gbé e lọ ọsibítù.

Ọjọ́bọ̀, 5
Dádì da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ́kù sínú gíà. "Ọ́ìlì ni gbogbo wọn, àbí wọ́n ń jà ni?" Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, tó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. 

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Alhaja ń ṣe òsúkè. Dádì ní ara rẹ̀ ti yá.

Ọjọ́ Àìkú, 8
 A ti múra ṣọ́ọ̀ṣì, Tánkì figbe ta. Omi ti dà. Dádì fi gíà sí D, ti iwájú — ariwo, kò sí ìrìn. Gbogbo kẹ̀kẹ́ ti kó èrò ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Tánkì ní, "Dádì, ṣé inú mọ́tò yìí ni kí n bí i sí?" Dádì ń làágùn, ó já gíà sí R. Alhaja fò sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tó rí ọ̀bẹ!

Bí a ṣe fi ẹ̀yìn la Ọ̀fà kọjá nìyẹn o. Mo ń sáré ṣáájú, mò ń ju ṣẹ́ẹ̀tì mi lókè: "Ẹ yàgò!" Ìyá kan tó ń gbálẹ̀ na ọwọ̀ sí wa: "Ṣé ẹ ń lọ ni, àbí ẹ ń bọ̀?"

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì jáde, ojú rẹ̀ le. Ó ní ẹsẹ̀ ọmọ ló ń bọ̀ níwájú. Dádì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo wá yẹ̀yẹ́ tì.

Ọjọ́ Ajé, 9
Ìyá yè. Ọmọ yè. Ọkùnrin. Dádì ti wá orúkọ Bíbélì, ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹsẹ̀ jáde ti mú tirẹ̀ bọ̀ láti ọ̀run: Ìgè. Ọmọ́ládé ní, "Dádì, ta ló kọ́ Ìgè ní ìrìn ẹ̀yìn, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin?" Dádì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n lọ pe Àkànbí, kó wá sọ gíà kalẹ̀.

Mo ní, "Ṣé kí n fi ẹ̀yìn lọ ni, sà?"

Ó yọ bàtà sí mi. Mo fi iwájú sá.